Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Ọkọ Mi Jẹ́rìí

Ìwọ ni mo máa ń pe ọkọ mi. Màmá mi kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá, wọ́n ní obìnrin tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í lanu pe ọkọ ẹ̀ ní ìwọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni wá, kíláàsì kan náà la jọ wà kó tó lọ ṣe ṣójà, kí èmi náà tó tẹ̀ lé àwọn òbí mi wá sí Douala ní Kamẹrúùnù níbí. Mo tètè sọ ìyẹn kí ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi ti máa bínú, torí èmi náà ò fi ọ̀yàyà wá. Inú ń bí mi, ìbínú ọ̀hún náà ni mo fi ń sọ ọ́.

Òkè lọ́hùn-ún ní àríwá Nàìjíríà ni wọ́n ti gbé ọkọ mi lọ jagun. Ìgbà tó fiṣẹ́ ológun sílẹ̀ ló wá bá èmi àti ọmọbìnrin wa níbí. Abọ́ ike àti garawa ni mò ń tà ní ọjà tí wọ́n ń pè ní Marché Dakar, ó sì ń bá mi gbé ẹrù, ó ń bá mi to ọjà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ohun kan ni pé kì í kẹ̀yìn sí gbangba. Bí a bá wọ ilé oúnjẹ, ẹ̀bá ògiri ni yóò jókòó sí. Bí takisí bá dúró, tó jẹ́ pé àárín èèyàn méjì ni àyè wà, kò ní wọ̀ ọ́, a óò dúró títí òmíràn yóò fi dé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ọ̀nà ló máa ń wà, àwọn kan sì ń sọ pé ìgbéraga ni. Bàtà ló ń wọ̀ sùn. Mo ní ìṣe ológun ni, yóò tán lára ẹ̀ bó pẹ́ bó yá.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni aṣọ bọ́ lára ọ̀rọ̀. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òjò ń rọ̀, oorun sì gbé e lọ lórí àga gígùn ní pálọ̀. Mo ń bu ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ lọ jí i, bó ṣe máa ń ṣe: ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká bàbá ẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ wá jẹun." Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e ni tábìlì tó dojú dé. Kí n tó débẹ̀, ọmọ ti wà nílẹ̀, bàbá wà lórí ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì wà lọ́rùn ọmọ. Ojú ẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ló ń wò. Mo fi ṣíbí ìrẹsì tó wà lọ́wọ́ mi gbá a lórí, mo pariwo orúkọ ẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ọmọ sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ títí, ó dìde, ó sì jáde sínú òjò.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí màmá mi fi dé láti PK8, àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ìyá ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí ohùn wọn ń le lórí ọ̀rọ̀ tó kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà wọn ò pariwo. Wọ́n wo ọrùn ọmọ, wọ́n kó aṣọ ẹ̀ sínú báàgì. "Ọmọ yìí ò ní sùn lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ọkùnrin yẹn mọ́," ni wọ́n wí, "àfi ọjọ́ tí ara ẹ̀ bá yá." Kí ni mo fẹ́ sọ? Àmì ìka wà lọ́rùn ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo la ń lé nínú ilé wa, pé kí ara bàbá yá kí ọmọ lè padà wálé.

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi nípa obìnrin kan ní ilé ìwòsàn kékeré kan, psychologue ni wọ́n ń pè é, ìyẹn oníṣègùn ọkàn, tó ń tọ́jú àwọn ṣójà tó ti ojú ogun dé. Dókítà làwa ń pè é. Ọmọdé ni, ó kúrú, bàtà kánfáàsì ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ìgbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ rí i, ó bojú wò mí bí ẹni pé mo tàn án wá. Ó ti rò pé wọ́n máa fún òun ní oògùn. Dókítà ò fún un ní oògùn kankan. Pidgin ló fi bá wa sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀rù dà bí ọmọ tó ń sunkún nítorí súìtì. Bó o bá fún un ní súìtì kó lè dákẹ́, yóò dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀la ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí ọkọ mi bá sá kúrò níbì kan, tó bá wá ògiri fi ẹ̀yìn tì, súìtì ló ń fún un. Ìtọ́jú tó wà níbẹ̀ ni pé kó má sá mọ́. Kó dúró síbi tó ń bà á lẹ́rù, díẹ̀díẹ̀, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le, kó sì dúró títí ẹ̀rù yóò fi rẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀.

Ó tún ní kó di ojú, kó máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójú ogun bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ mi gbìyànjú ẹ̀ ní Pidgin, kò jáde. Dókítà ní kó sọ ọ́ lédè tó bá ń bọ̀ wá sí i lọ́kàn. Èmi ní, "Ẹ ò gbọ́ Yorùbá kẹ̀!" Ó ní ìtàn náà kì í ṣe ti òun, ti ẹni tó ń sọ ọ́ ni, ara ẹ̀ lòun á máa wò. Bó ṣe sọ ọ́ lédè Yorùbá nìyẹn, tí fóònù sì ń gbà á sílẹ̀, kó lè máa gbọ́ ọ nílé. Ìgbà tó yá ló sọ ọ́ fún èmi náà. Ó ti ṣọ́ òru mọ́jú, ó ń sùn lọ́sàn-án nígbà tí àwọn ọ̀tá wọ àgọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ sáré wá fọwọ́ kàn án léjìká pé kó dìde. Kó tó la ojú tán, ìbọn ti ba ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó sì ti ṣubú lé e lórí. Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti ń bá a gbé látọjọ́ yìí láìgbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ rí.

Ibi tí dókítà kọ́kọ́ ní ká lọ dúró sí lóde ni oríta Ndokoti. Ẹni tó bá mọ Ndokoti mọ ohun tí mò ń wí. Takisí ń fọn fèrè, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bensikin níbí ń gba abẹ́ apá èèyàn kọjá, àwọn apèrò ń kígbe "Bonabéri! Bonabéri!" sí èèyàn létí. Àárín ẹ̀ gan-an la dúró sí. Òfin dókítà ni pé kò gbọdọ̀ fẹ̀yìn ti nǹkan kan, kò gbọdọ̀ di ọwọ́ mi mú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bi í pé ẹ̀rù náà tó mélòó nínú mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù kan dún gbàù, òógùn bo ọkọ mi, eyín ẹ̀ ń gbá ara wọn. "Mélòó?" "Mẹ́wàá. Jẹ́ ká lọ." "A ò lọ." "Mo ní jẹ́ ká lọ!" "Bó o bá fẹ́ ọmọ ẹ, dúró." Ó bú mi. Èmi náà bú u padà, níbi tí gbogbo ayé ti ń wò wá. Ṣùgbọ́n ó dúró, nígbà tó sì ṣe, mẹ́wàá di méje, méje di mẹ́rin.

Obìnrin tó ń din púfúpúfù nítòsí ti ń wò wá láti ìgbà yìí. Ó ní, "Vous attendez qui?" pé ta là ń dúró dè. Ọkọ mi dá a lóhùn lédè Yorùbá tí obìnrin náà ò gbọ́: "Ẹ̀rù la ń dúró dè, kó máa lọ sílé ẹ̀." Mo bú sẹ́rìn-ín, mo rín in títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ àwàdà lẹ́nu ọkùnrin yìí. A ra púfúpúfù náà, a jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, nínú òjò, nínú oòrùn. Nígbà tó yá, òun nìkan ló ń lọ. Ó ń jókòó sí àárín takisí. Ó ń kẹ̀yìn sí ọ̀nà nínú ilé oúnjẹ. Ó bọ́ bàtà sùn lọ́jọ́ kan, mo gbé bàtà náà wò bí ẹni tó rí owó he. Dókítà ní inú òun dùn, ṣùgbọ́n èyí tó kù ló le jù: oorun. Ó ní kò ní dùbúlẹ̀ kí ọmọ kàn wá fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan. Yóò kọ́kọ́ di ojú láìsùn, èmi yóò sì pè é láti ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi yóò wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀, títí dé èjìká, títí a ó fi dé ibi tí yóò ti sun oorun gidi, tí màá sì jí i. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá parí ni yóò kan ọmọ. Ẹnu ọ̀nà la ṣì wà nígbà tí màmá mi àti ìjọ bá wa dá sí i.

A lọ kí ọmọ ní PK8. Ọkọ mi gbé e sẹ́yìn, ó ń bá a sáré kiri iwájú ilé, màmá mi sì ń wò wọ́n láti inú ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n ní, "Ara ọkọ rẹ ti yá." Mo ní ó ń yá, ó ku díẹ̀. Wọ́n ní, "Èwo ni ó ku díẹ̀? Ààwẹ̀ tí ìjọ gbà torí ẹ̀ kò lè já sófo. Bó bá fẹ́ ọmọ ẹ̀, kó wá jẹ́rìí níwájú ìjọ. Gbogbo ìjọ ló gbọ́ ohun tó ṣe, gbogbo ìjọ ló yẹ kó gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọmọ yóò bá a lọ sílé."

Ọkọ mi ní òun yóò jẹ́ ẹ. Mo ní, "Má jẹ́ ẹ. Kò tíì parí." Ó ní ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lásán ni, ta ló ń kú torí pé ó dúpẹ́? Ẹ wò ó, torí ká lè jẹran ni a ṣe ń pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá, mo mọ̀, èmi náà fẹ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìjẹ́rìí ní ìjọ wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lásán, ọkọ mi nìkan ni kò mọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, wọ́n pè é síwájú pátápátá. Ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Ìlù ń dún, jùjù ń dún, èèyàn ń pariwo Halelúyà, gbogbo ohun tí ìbá ti lé e jáde lọ́jọ́ àná, ó sì dúró gbọn-in. Èmi tí mo bá a dúró ní Ndokoti, mo mọ ibi tí ìdúró yẹn ti wá. Ó gba ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó òun, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà kan tó... Ibẹ̀ ni pásítọ̀ ti gbé orin. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n jó o. Nígbà tí orin parí, pásítọ̀ gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n bi í lójú gbogbo ìjọ pé, "Arákùnrin, ṣé ara ti yá tán, àbí kò tíì yá?"

Ó wo ibi tí ọmọ jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi. Ó ní, "Ó ti yá tán."

Kí n má parọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ọmọ wa padà wálé, ó jẹun nínú abọ́ mi, ó ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá sí wa létí títí a fi ní kó sinmi ẹnu. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí ọjọ́ dókítà pé, mo wọ aṣọ tán, mo bá a níbi tó jókòó sí, kò tíì wẹ̀.

"Ṣé a ò lọ mọ́ ni?"

"Lọ síbo? Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu ara mi níwájú Ọlọ́run pé ó ti yá tán. Kí n wá máa yọ́ lọ sílé ìwòsàn?"

"Ọlọ́run mọ̀ pé kò tíì yá tán!"

"Èèyàn ò mọ̀. Màmá ẹ ti pè mí. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ bá rí mi níbẹ̀, a jẹ́ pé irọ́ ni mo fi gba ọmọ, àwọn á sì wá mú un."

Mo gba ọ̀dọ̀ pásítọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ gidi, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, Ndokoti, ẹnu ọ̀nà, oorun tó kù. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Arábìnrin, ṣé Ọlọ́run máa ń ṣe iṣẹ́ àṣekù ni?"

Mo ní, "Ọlọ́run kọ́ ló ṣe é kù. Ẹ̀yin ni." Mo ti dìde kó tó tán lẹ́nu mi. Wọ́n kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí di òní, èmi náà ò gbàgbé.

Dókítà ò bínú nígbà tí mo lọ sọ fún un. Ìyẹn tún bí mi nínú jù, mi ò mọ ìdí ẹ̀. Ó kàn ní ibi tó le jù la ti dúró, bí a bá sì dá ẹ̀rù dúró lágbedeméjì, yóò padà gba ilẹ̀ tó ti pàdánù. Ó ní òun ò lè wá sílé wa fà á, àyè ẹ̀ ṣì wà, ìgbàkígbà tó bá fẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní, "Mo gbọ́." Èyí tó ń jẹ́ "mo gbọ́" yẹn, orí kunkun ṣójà ló wà nídìí ẹ̀. Mo ní ká máa ṣe é nílé, àwa méjèèjì. Ó ní bí òun bá gbà, òun ti pe ara òun ní òpùrọ́ nìyẹn.

Ohun tó wá ṣe nìyí. Ó lọ gba iṣẹ́ ọdẹ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, kó má baà sùn nílé nígbà tí ọmọ bá ń sùn. Tí ọmọ bá lọ sílé ìwé láàárọ̀, yóò wọ yàrá, yóò ti ilẹ̀kùn pa, yóò wọ bàtà ẹ̀ padà, yóò sùn. Kí ọmọ tó dé, ó ti jí. Àwọn èèyàn ìjọ ń yìn ín pé òṣìṣẹ́ ni. Màmá mi ń pè mí, wọ́n á ní, "Ṣé o rí ohun tí Ọlọ́run ṣe?" Èmi á ní mo rí i, mà. Ọ̀rọ̀ fẹ́ bú gbàmù lẹ́nu mi.

Ilé ìwé wá gba ọlidé. Ọmọ wà nílé láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọkọ mi á ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé àga síta lẹ́bàá ògiri, á jókòó. Mo ní, "Wọlé lọ sùn, màá di ọmọ mú sọ́dọ̀." Ó ní ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mú ọmọ lọ sí Marché Dakar pẹ̀lú mi lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú nínú oòrùn, bàbá ẹ̀ náà ò sì sùn, ó ní òun ń retí pé ká dé. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ọmọ ń wò ó. Ọmọ ọdún méje ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún. Kò fọwọ́ kàn án rí láti ìgbà tó ti padà dé, àfi bó bá kọ́kọ́ pè é láti òkèèrè tó dáhùn. Ta ló kọ́ ọ? Kì í ṣe èmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde láti ilé ìdáná, mo bá ọmọ tó ti wọ bàtà, tó ti kó aṣọ ẹ̀ sínú báàgì ilé ìwé, ìwé ẹ̀ wà nílẹ̀. Mo ní níbo ló ń lọ.

"Màmá PK8. Ẹ mú mi lọ, Mọ́mì."

"Ta ló ní kó o lọ?"

"Personne, kò sẹ́ni tó ní kí n lọ. Bí mo bá lọ, Dádì á sùn."

Mo yíjú sí ọkọ mi lórí àga ẹ̀. Mo retí pé yóò sọ pé rárá. Mo retí pé yóò dìde, yóò tú báàgì yẹn, yóò ní ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà, kí ìjọ máa pe òun ní òpùrọ́ bó bá wù wọ́n. Mo dúró dè é bí mo ṣe dúró ní Ndokoti. Ó dìde lóòótọ́. Ó gba báàgì lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì bá wa rìn dé etí títì, ó pe takisí fún wa fúnra ẹ̀.

Ọmọ kúnlẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ takisí, nínú ẹrẹ̀, bí a ṣe kọ́ ọ. Oòrùn ti mú, àwọn èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́ wọn.

Ó ní, "Dádì, ẹ sùn dáadáa o."